Àwọn Tó Ń Sùn Nínú Ẹrẹ̀ Gbígbẹ

Ọmọ ọmọ mi obìnrin gbé ẹrẹ̀ wá sílé wa ní ọjọ́ Sátidé kan, nínú agolo bísíkíìtì. Mo ti rí oríṣiríṣi ohun tí àwọn ọmọ máa ń gbé ti ibi iṣẹ́ bọ̀, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹni tó gbé ẹrẹ̀. Ìyá rẹ̀, ọmọbìnrin mi tó ń ṣe nọ́ọ̀sì, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Frühdienst, iṣẹ́ àárọ̀, dé ni, kò tíì bọ́ bàtà. Ó yọjú wo inú agolo náà, ó ní ṣé kò sí ibi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí ní Hamburg ni. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹrẹ̀ yìí kì í ṣe ti Hamburg, kì í sì í ṣe ti Berlin. Ó kọjú sí mi, ó ní, "Ìyá àgbà, ó dàgbà jù yín lọ."

Hamburg ló ń gbé, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ wà. Èmi àti ìyá rẹ̀ ń gbé ní Hellersdorf ní Berlin, nínú ọ̀kan lára àwọn ilé gígùn wọ̀nyẹn tó jọ ara wọn, tí àlejò kì í mọ èyí tó ti jáde. Òkè pátápátá la wà. Fèrèsé ilé ìdáná wa kọjú sí oòrùn, ìdí nìyẹn tó fi gbé ẹrẹ̀ náà wá sọ́dọ̀ wa. Yàrá tirẹ̀ ní Hamburg, ògiri ilé onílé ni fèrèsé rẹ̀ ń wò.

Ó pẹ́ kí iṣẹ́ tó ń ṣe tó yé mi. N kò kàwé púpọ̀, èyí tí mo lè kọ náà ni mò ń kọ yìí. Bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi nìyí. Orílẹ̀-èdè kan wà tó jẹ́ erékùṣù, òkun yí i ká, oòrùn ibẹ̀ mú bíi tiwa, òjò ibẹ̀ sì ń rọ̀ bíi tiwa. Ó ti lọ síbẹ̀, ó gbé àwọ̀n tí ojú rẹ̀ kéré ju ti asẹ́ ògì lọ, ó ń fi gbọ́n omi káàkiri: adágún, kànga, oko ìrẹsì, ihò tí alákàn gbẹ́, títí kan omi díẹ̀ tó máa ń dúró sí ìdí ewé lórí igi. Nínú gbogbo omi wọ̀nyí, kòkòrò kan wà níbẹ̀ tó kéré bí eruku gàrí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti pín wọn ní ìdílé ìdílé, kó sì kọ ibi tí ìdílé kọ̀ọ̀kan ń gbé: èyí tó wà létí òkun, èyí tó wà lórí òkè, èyí tí kì í kúrò nínú kànga.

Mo bi í pé kí ni wọ́n ń fi mímọ̀ yẹn ṣe. Ó ní bí èèyàn bá ba omi kan jẹ́, àwọn kòkòrò yìí ló máa ń kọ́kọ́ lọ, ẹni tí kò bá sì mọ ẹni tó ń gbé inú ilé kò lè mọ ìgbà tó kó jáde. Ìyẹn yé mi.

Ó ní ilé mẹ́ta ni wọ́n pín sí. Àwọn kan ní ìwo gígùn, àárín omi ni wọ́n ń gbé, jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń lọ. Àwọn kan ní ìwo kúkúrú, wọ́n máa ń fò pọ́ún pọ́ún létí omi. Àwọn tó kù rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí aràn, inú ẹrẹ̀ àti ewé jíjẹrà ni wọ́n ti ń rá pálá. Ojú kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ní, ó pupa, iwájú orí gan-an ló wà.

Nígbà tó dé orí àwọn oníwo kúkúrú, mo gbé ife tíì mi kalẹ̀. Mo mọ àwọn yẹn. Ní abúlé tí wọ́n gbé mi níyàwó sí, omi adágún kan ṣoṣo la ń mu, sòbìà sì wà níbẹ̀. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, àwọn èèyàn á jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé wọn pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó wú, wọ́n á máa fi igi tín-ín-rín ká aràn funfun jáde nínú ẹran ara wọn, díẹ̀ lónìí, díẹ̀ lọ́la. Àwọn elétò ìlera wá, wọ́n fún wa ní aṣọ funfun, wọ́n ní ká máa fi sẹ́ omi, pé kòkòrò kan wà nínú rẹ̀ tí ojú wa kò rí, òun ló ń gbé ọmọ sòbìà sínú. Mo sẹ́ omi títí ọwọ́ mi fi mọ̀ ọ́n ju iṣẹ́ mìíràn lọ. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ ọmọ mi ní ìbátan kòkòrò yẹn ló wà nínú agolo yìí, mo ní kó gbé e kúrò lórí tábìlì tí a ti ń jẹun.

Ó fi mí lọ́kàn balẹ̀. Ó ní oníwo gígùn ni ti inú agolo, wọn kò bá sòbìà ṣe pọ̀. Ìgbà náà ló sọ ìtàn ẹrẹ̀ náà fún wa.

Kí wọ́n tó bí mi, ọkùnrin ará ibí kan wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí erékùṣù náà. Ó rí irú oníwo gígùn kan nínú adágún kan, kò sì rí i níbòmíràn. Ó pa díẹ̀ nínú wọn, ó kó wọn sínú ọtí líle. Wọ́n ṣì wà ní Hamburg di òní, funfun ni wọ́n, pupa ojú wọn ti ṣá. Ó bu ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún náà pẹ̀lú, ó gbé e wálé. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni kò tún rí kòkòrò yẹn mọ́.

Ọmọ ọmọ mi wá adágún náà lọ, kò bá a. Wọ́n ti dí i, wọ́n ti kọ́lé sórí rẹ̀. Obìnrin tí ilé rẹ̀ bọ́ sí àárín gan-an mú un wọ àgbàlá. Ó ní ní gbogbo ìgbà òjò, omi máa ń sun jáde láti inú ilẹ̀ àgbàlá òun. Kì í ti òrùlé wá, kì í gba ojú ọ̀nà wọlé. Ìrísí kan náà ló máa ń ní, ó fẹ̀ lápá kan, ó sì tínrín lápá kejì bí horo ẹ̀gúsí. Bó bá gbá a dànù, á tún padà wá dúró sí ojú ìlà tó ti kúrò. Àwọn àgbà àdúgbò ti sọ fún un pé bí adágún àtijọ́ ṣe rí nìyẹn. Obìnrin náà kò gbá a mọ́. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ló ń gbà kọjá. Ọmọ ọmọ mi gbọ́n omi àgbàlá náà, ó wò ó, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Ìwé ńlá tó ń kọ lórí gbogbo wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ojú ìwé tó kù kò ju ti kòkòrò yìí lọ, níbi tó ti gbọ́dọ̀ sọ bóyá ó ṣì wà láyé tàbí ó ti run. Ọ̀gá rẹ̀ ní kó kọ ọ́ pé ó ti run. Wọ́n ti da omi sórí ẹrẹ̀ náà níbi iṣẹ́, wọ́n tan iná sí i lórí, ohunkóhun kò dìde. Ìwọ̀nba tó wà nísàlẹ̀ agolo ló kù, wọ́n sì fẹ́ dà á nù kó tó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun gbé e lọ.

Ó ṣàlàyé pé ẹyin wọn mọ sùúrù. Bí omi bá gbẹ, ẹyin á sùn sínú ẹrẹ̀, á sì máa sùn títí omi mìíràn á fi dé. Ó ní, "Ìyá àgbà, bí kò bá jí lọ́dọ̀ yín níbí, màá kọ ọ́ pé ó ti run. Mo ti fẹnu kò pẹ̀lú ara mi."

Mo wo ojú ọmọ náà. Ojú ẹni tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbẹ̀bí ni. Mo ní kó fi sílẹ̀ fún mi.

Ìgò ńlá kan wà tí kùkúmbà kíkan wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo ti fọ̀ ọ́ mọ́. Ibẹ̀ la da ẹrẹ̀ náà sí. Omi òjò ni mo lò. Mo gbé abọ́ sí Balkon, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìta wa, òjò Berlin rọ̀ sí i, mo sì fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ kí ará ibí má bàa bá a wọlé. Ọwọ́ mi kò gbàgbé iṣẹ́ náà. Nígbà tí mo ń fún aṣọ náà, ó wá sí mi lọ́kàn pé nígbà kan mo ń sẹ́ omi kí irú nǹkan yìí má bàa dé ọ̀dọ̀ wa, mo tún ń sẹ́ omi kí ó lè wá.

Mo máa ń kí i láàárọ̀. Ohun tó bá ti wà kí wọ́n tó bí èèyàn, a kì í sọ "ìwọ" sí i. Bí mo bá ti da omi gbígbóná sórí tíì mi, màá kọjú sí ojú fèrèsé, màá ní ẹ káàárọ̀ o, ṣé ẹ sùn dáadáa. Ọmọ mi ní kí n máa rọra o, kí àwọn ará ìsàlẹ̀ má lọ sọ pé mò ń bá ìgò sọ̀rọ̀. Mo ní àwọn náà ń bá ajá sọ̀rọ̀.

Ó pẹ́. Igi ìsàlẹ̀ ilé wa rúwé, ẹrẹ̀ náà jókòó sísàlẹ̀ ìgò, omi orí rẹ̀ ní àwọ̀ tíì tí omi pọ̀ jù nínú rẹ̀. Mo ti ń rò ó bí màá ṣe sọ fún ọmọ náà pé ó tó. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí n tó kí wọn, mo rí i pé eruku ń rìn nínú omi. Eruku kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń fò díẹ̀, ó ń sinmi, ó tún ń fò. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìgò náà, mo ní, "Ẹ káàárọ̀ o." Gbogbo rẹ̀ dúró lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí àgbàlagbà wọ yàrá tí àwọn ọmọdé ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Mo pe ọmọ ọmọ mi. Ó wọ ọkọ̀ wá ní ọjọ́ yẹn gan-an, ó dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin sílẹ̀ ilé ìdáná kó lè wo ìgò náà láti ẹ̀gbẹ́, omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ká má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ wọn jọra, kò sí bí èèyàn ṣe lè mọ ìdílé wọn láti kékeré. Wọ́n gbọ́dọ̀ dàgbà. Ẹsẹ̀ tó kángun sẹ́yìn lára àgbàlagbà wọn ló ń sọ orúkọ wọn.

Mo sọ fún un pé wọ́n ń gbọ́ ohùn mi. Ó ní kì í ṣe gbígbọ́, pé wọ́n máa ń mọ̀ bí omi bá gbọ̀n ni. N kò bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ń kó ìdọ̀tí máa ń dé ìsàlẹ̀ ilé wa, gíláàsì á máa gbọ̀n, wọn kì í dúró. Ọmọ mi máa ń fi èdè Jámánì sọ̀rọ̀ lórí fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọn kì í dúró. Ohùn tèmi nìkan ni, ìgbà tí mo bá sì kí wọn ni. Mo pa á mọ́ra.

Wọ́n ń dàgbà, wọ́n sì ń dín kù. Mo rí ọ̀kan tó sùn sórí ẹrẹ̀, ìwo rẹ̀ pé, ẹsẹ̀ rẹ̀ pé, inú rẹ̀ ṣófo, mo lè rí ẹrẹ̀ láti òdìkejì rẹ̀. Mo rò pé ó kú. Ọmọ ọmọ mi ní ó bọ́ awọ ni, bí ejò, pé ẹni tó ni awọ náà wà lókè níbẹ̀ tó ń lọ. Láti ìgbà náà, bí mo bá wo ìgò náà, n kì í mọ èyí tó jẹ́ èèyàn àti èyí tó jẹ́ aṣọ.

Nígbà tó yá, ó ku méjì. Mo mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ọ̀kan tóbi díẹ̀. Ìwo ọ̀tún ti èkejì tẹ̀ láàárín bí apá ẹni tó fẹ́ gbá nǹkan mọ́ra. Ọmọ ọmọ mi ní èyí tí ìwo rẹ̀ tẹ̀ ni akọ, pé ìwo yẹn ló fi ń di abo mú. Inú rẹ̀ dùn lórí fóònù. Ó ní bí wọ́n bá jẹ́ méjì, òun lè lo ọ̀kan. Mo bi í pé lò ó báwo.

Ó ní, "Kí n tó lè rí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yẹn, Ìyá àgbà, mo ní láti pa á. Mo ní láti tú u palẹ̀ lábẹ́ awò. Kò sí ọ̀nà mìíràn tí wọ́n fi ń mọ orúkọ rẹ̀."

Mo ronú lé e títí. Lọ́dọ̀ wa, a ń sọ ọmọ lórúkọ kó lè jókòó sílé ayé. Lọ́dọ̀ tiwọn, ikú ni ọmọ kọ́kọ́ ń kú kí wọ́n tó mọ orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni iṣẹ́, ẹni tó ń dín adìyẹ kò lè máa bẹ adìyẹ.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, akọ náà kò sí mọ́. N kò rí òkú rẹ̀, n kò rí awọ rẹ̀. Abo nìkan ló kù, ó dúró lóòró láàárín omi, ohun kan sì ti so mọ́ ìdí rẹ̀ bí ìgbà tí obìnrin so nǹkan mọ́ etí ìró. Àpò ẹyin ni. Mo pe Hamburg. Ọmọ náà kò yọ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ti ní kó kó ìwé náà wá lọ́jọ́ Ẹtì, kò lè kúrò níbi iṣẹ́, ìyá rẹ̀ sì wà lẹ́nu Spätdienst, iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́. Ó ní, "Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e wá." Àwa méjèèjì mọ ohun tí mò ń gbé e lọ fún, a kò tún sọ ọ́.

Mo fi gèlè mi kan wé ìgò náà, mo gbé e sórí itan nínú ọkọ̀ ojú irin. Ní Spandau, obìnrin Jámánì kan wọlé, ó jókòó tì mí. Ó béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀, ó béèrè tẹ̀rín tẹ̀rín. Mo ní Wasser. Mo sún gèlè náà sẹ́yìn kó lè rí i pé omi ni lóòótọ́. Ó tẹ orí sí i, ó wò ó pẹ́ díẹ̀. Ó rọra dìde, ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ jókòó síbi tó jìnnà sí mi, kò sì wo apá ọ̀dọ̀ mi mọ́ títí a fi dé. Èmi náà wo inú ìgò. Ìkùukùu bo oko lóde, fèrèsé funfun, ọkọ̀ ń sá eré, omi ń mì. Òun nìkan ni kò mì. Ó dúró ní ọ̀gangan ojú mi pẹ̀lú ojú pupa kan yẹn, ìwo rẹ̀ nà sí méjì bí ẹni tó na apá dí ọ̀nà.

Mo sọ fún un kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé kí wọ́n má bínú, pé ọmọ ni ó rán mi.

Ọmọ náà kò ní jáde níbi iṣẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́, nítorí náà ilé ìtajà àbúrò ọkọ mi ni mo ti dúró dè é. Àdúgbò St. Georg ní Hamburg ni, kò jìnnà sí ibi tí ọkọ̀ ti já wa sílẹ̀, oúnjẹ ilé ló ń tà. Ọmọdébìnrin ni nígbà tí mo wọlé ọkọ, ṣùgbọ́n inú ilé ni mo bá a, nítorí náà ọkọ mi ni. Di òní, "ọkọ mi" ni mò ń pè é, mo sì ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀. Òun ń pè mí ní ìyàwó. Ó ní, "Ìyàwó, o dé. O tún ti sanra." Mo ní ọkọ mi ló ń tọ́jú mi. Ó mú mi lọ sí ẹ̀yìn, níbi tí ó tẹ́ àga gígùn kan sí láàárín àpò ìrẹsì àti páálí epo. Mo gbé ìgò náà sórí páálí, mo ní kó bá mi máa wo omi yẹn. Mo fẹ̀yìn tì. Oorun gbé mi.

Nígbà tí mo lajú, gèlè mi ti wà ní kíká. Ìgò náà wà lórí páálí, omi inú rẹ̀ mọ́ gaara, mo lè ka ohun tí wọ́n kọ sára àpò ìrẹsì tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo ẹrẹ̀ ti lọ sísàlẹ̀, nǹkan bí òwú eérú sì bò ó mọ́lẹ̀.

Àbúrò ọkọ mi ń nu ọwọ́. Ó ní, "Mo ti bá ọ ṣe omi rẹ. Ṣé bí o ṣe kọ́ mi ni mo ṣe é?"

Álọ́ọ̀mù ni. Ó ń tà á nínú ilé ìtajà rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọṣẹ dúdú. Ó rí i pé ìyàwó òun gbé omi dídọ̀tí wá láti Berlin, ó rò pé omi tí mo fẹ́ fi rẹ egbòogi ni, ojú sì tì í pé kí n máa mu irú rẹ̀ lọ́dọ̀ òun. Ó ha álọ́ọ̀mù sí i, ó fi ọwọ́ rò ó yíká yíká, ó dúró títí ó fi tòrò. Èmi ni mo kọ́ ọ. Ó kéré, kò lè dé ẹnu àmù, mo gbé e lé orí odó, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo fi bí wọ́n ṣe ń rò ó hàn án.

Mo kúnlẹ̀ síwájú ìgò náà. Mo ní, "Ẹ kúulé o." Kò sí ohun tó ń lọ, kí n tó wá sọ pé ó dúró. Àbúrò ọkọ mi ń wò mí. Ìyàwó kì í gbé ohùn sókè sí ọkọ. Mo yíjú sí i, mo ní ẹ ṣeun, ọkọ mi, omi náà mọ́.

Bí ọmọ ọmọ mi ṣe wọlé nìyẹn. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá àgbà rẹ̀ kejì, ó dìde, ó rí ìgò náà, ojú rẹ̀ yí padà. Jámánì ló bọ́ sí i lẹ́nu: "Wo ist sie?" Níbo ló wà. Ó fa awò kékeré kan yọ nínú báàgì, ó wá inú òwú eérú náà yíká. Ó pẹ́ kó tó rí i. Ó ní, "Ó ti kú." Mo rí i tí ara rẹ̀ rọ̀, bíi pé ẹnì kan gba ẹrù lórí rẹ̀, lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. N kò mọ bóyá ẹkún ìtura ni tàbí ẹkún òfò.

Ìgbà náà ni àbúrò ọkọ mi tó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo sọ fún un. Ó jókòó sórí àpò ìrẹsì. Ó ní, "Ìyàwó, o gbé ẹlẹ́mìí wọ ilé mi, o ò sọ fún mi, o wá ń sùn." Òótọ́ ló sọ.

A gbé ìgò náà lọ sí ibi iṣẹ́ ọmọ náà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀ nìyẹn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn ni, ìgò ló wà lápá ọ̀tún àti apá òsì, ẹja, ejò, alákàn, gbogbo wọn wà nínú ọtí, funfun, wọ́n kọjú síta. Mo rìn láàárín wọn bí ẹni tó ń gba àárín èrò kọjá níbi ìsìnkú. Èmi tí n kì í gbàgbé ìkíni, n kò kí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ẹ̀rù bà mí pé wọ́n lè dá mi lóhùn.

Ọmọ náà gbé abo yẹn sábẹ́ awò, ó fi abẹ́rẹ́ tú u. Ó gbé ọ̀kan nínú àwọn ti inú ọtí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń wo èyí, ó ń wo ìyẹn. Ó ní kí n wá wò ó. Mo fi ojú kan sí i. Mo rí ẹsẹ̀ méjì, ọ̀kan mọ́ kedere, ọ̀kan ti ṣá, ìkọ́ tó wà létí wọn sì rí bákan náà, bí ìgbà tí ọwọ́ kan ṣoṣo gbẹ́ méjèèjì.

Ó ní, "Òun ni."

Ó jókòó. Ó ní òun kò sùn lóru àná, pé òun ń rò ó bí òun á ṣe mú ọ̀kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù láyé, kí òun pa á kí òun lè sọ pé ó wà láyé. Ó ní àbúrò ọkọ mi ti gbà á lọ́wọ́ òun. Lẹ́yìn náà ló tún tẹ orí bọ awò. Ó wò ó pẹ́. "Àpò ẹyin rẹ̀ kò sí lára rẹ̀ mọ́, Ìyá àgbà. Ó ti já a sílẹ̀."

Mo ní bí kò bá sí lára rẹ̀, a jẹ́ pé ó wà nínú ìgò.

Ọ̀gá rẹ̀ wá wo ẹsẹ̀ náà fúnra rẹ̀, ó wò ó títí. Ó gbà pé òun ni. Ó ní kí ọmọ náà kó ìyókù ìwé náà wá, kí ó dá ojú ìwé kan yẹn dúró, nítorí bí ẹyin kò bá jí, a jẹ́ pé èyí tó kú ní St. Georg ni ó kẹ́yìn, wọ́n á sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọmọ mi ní a kò gbọ́dọ̀ kánjú da omi mìíràn sí i. Irú ẹyin bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ kó tó lè jí.

Nítorí náà, mo gbé ẹrẹ̀ náà padà sí Hellersdorf. Mo fi aṣọ funfun sẹ́ omi rẹ̀ kúrò díẹ̀díẹ̀, mo tẹ́ ẹrẹ̀ náà pẹ̀lú òwú álọ́ọ̀mù rẹ̀ sórí àwo pẹrẹsẹ, mo gbé e sí Balkon nínú ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Ó sán, ó lanu. Ó di eruku, eruku funfun díẹ̀ wà lórí rẹ̀. Mo kó o sínú agolo bísíkíìtì tó bá wá, mo gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó wà níbẹ̀ nígbà tí ewé já bọ́, ó wà níbẹ̀ nígbà tí yìnyín bo ìsàlẹ̀ ilé. N kò kí wọn. Ẹni tó bá ń sùn, a kì í kí i.

Àbúrò ọkọ mi kò jẹ́ kí n gbádùn. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ló ń pè. Kì í béèrè àlàáfíà mi mọ́. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ ni, "Ìyàwó, wọ́n ti jí?" Màá ní wọn kò tíì jí, ọkọ mi. Á ní kí n má da omi tútù jù sí wọn lára nígbà tí àkókò bá tó, pé ilé olóoru ni wọ́n ti wá.

Nígbà tí oòrùn padà dé ojú fèrèsé ilé ìdáná, ọmọ ọmọ mi ní ó tó àkókò. Mo gbé abọ́ sí Balkon, mo gba omi òjò, mo sẹ́ ẹ. Mo gbé omi náà sílé títí ó fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, nítorí ọ̀rọ̀ tí ọkọ mi sọ. Mo da ẹrẹ̀ náà sínú ìgò kùkúmbà yẹn, mo da omi lé e.

Ó pẹ́ ju ti ìṣáájú lọ. Ọ̀gá ọmọ náà ti béèrè ojú ìwé rẹ̀. Ọmọ náà sọ fún mi lórí fóònù pé bó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, òun á kọ ohun tí òun ní láti kọ, kí n má jẹ́ kó jẹ mí lọ́kàn. Mo ní kò sí ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọ mi ti lọ sẹ́nu iṣẹ́, ilé dákẹ́. Omi inú ìgò mọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ, bóyá ti álọ́ọ̀mù ni. N kò rí nǹkan kan nínú rẹ̀. Oòrùn wọ inú rẹ̀ lọ, eruku díẹ̀ ń yí lọ yí bọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ bí eruku ṣe máa ń ṣe. Mo da omi gbígbóná sórí tíì mi. Mo kọjú sí ojú fèrèsé.

Mo ní, "Ẹ káàárọ̀ o."

Eruku náà dúró.